Ohùn Iye Nínú Àpò Sùtánà

Òórùn púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń fi èéfín yan, ni mo jí bá láàárọ̀ Sátidé tí fóònù wọ ilé wa. Iye, ìyá bàbá mi, ti to púpurú róbótó róbótó sórí àjà iná lẹ́yìn ilé wa ní Èrínjẹ, èéfín sì ti bo àgbàlá débi pé adìẹ ń wúkọ́. Inú èéfín yẹn ni Bàbá gbà yọ, ó fi áńkáṣíìfù wé nǹkan kan, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ó tú u. Fóònù Ṣáínà ni, pupa fòò, ó tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí irú rẹ̀: ó ń gba síìmù méjì, ó ní irin gígùn kan tí a ń fà jáde fún rédíò, ó ní iná tọ́ọ̀ṣì lórí, ohùn rẹ̀ sì ń ké ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lọ. Mo ti lo oríṣiríṣi fóònù lẹ́yìn rẹ̀, èrò mi kò yí padà: nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n ń kó sínú fóònù, kò sí èyí tó wúlò tó iná tọ́ọ̀ṣì. Ní ti kámẹ́rà rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n fi ya Màmá mi, Màmá mi jọ igi ọ̀pẹ.

Bàbá kìlọ̀ fún gbogbo wa pé, "Ohun tí èèyàn kò bá mọ̀, kó má fọwọ́ kàn án." Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju ibi tí wọ́n ń tẹ̀ gbé ìpè àti ibi tí wọ́n ń tẹ̀ pa á lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Kó tó di ọ̀sán, mo ti wọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Màmá rí mi, ó mi orí. "Fúnkẹ́," ó ní, "ohun tí ojú ń wá lojú ń rí o."

Nítorí ìjà ni Bàbá ṣe ra fóònù yìí. Iye àti Débórà, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé ní Àyèká, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọmọrí ìkòkò ló sì fà á. Débórà wá bá wa dáná ìkórè ìjọ, ó yá ìkòkò ńlá Iye, ìkòkò padà wálé láìní ọmọrí. Iye béèrè, Débórà ní òun kò rí i. Iye bi í bóyá ọmọrí ní ẹsẹ̀. Débórà bínú gun ọ̀kadà lọ sí Àyèká, kò sì padà wá mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé náà, Bàbá pè é. Ó ní kí n tẹ ibi tí gbogbo ilé á fi máa gbọ́ ọ. A yí fóònù ká lórí àga bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Débórà gbé e, Iye sì dákẹ́.

Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé, "Iye, ẹ sọ̀rọ̀."

"Òun ni àbúrò," Iye dá a lóhùn, "òun ni yóò kọ́kọ́ kí mi."

Ohùn dáhùn láti Àyèká pé, "Ẹ sọ fún un pé ẹni tó peni ni í sọ̀rọ̀."

Àkùkọ tiwọn kọ ní Àyèká, tiwa dá a lóhùn ní Èrínjẹ. Àwọn yẹn nìkan ló kí ara wọn kí owó tó tán lórí fóònù.

Bàbá bínú jáde, ó fi fóònù sílẹ̀. Iye padà sídìí iná rẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀. Mo ti rí ibi kan nínú fóònù yẹn tí wọ́n ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo rọra gbé e sẹ́yìn Iye, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo tún rí ibi kan tó ní òun lè fi ohùn náà ṣe agogo fóònù. Mo tẹ ìyẹn náà. Kò sí ìdí kankan. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìjọ Aládùúrà wa pé nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Wòlíì gbàdúrà títí, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí a gbọ́ ohun tí Ẹ̀mí fẹ́ bá wa sọ." Gbogbo ìjọ pa lọ́lọ́. Bí ohùn kan ṣe ké láàárín àwọn ọkùnrin nìyẹn:

"Olóríkunkun! Ọmọrí ìkòkò mi dà? Níbo lo gbé e sí? Ọlọ́run ń wò ọ́!"

Iye fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, ó rí i pé ó pa dé. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ràn. Bàbá ń gbá àpò sùtánà rẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ lára, ohùn náà kò sì dáwọ́ dúró. "Ọmọrí ìkòkò mi dà?"

Ìyá Àkọ́rin, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, wó lulẹ̀ gbì níwájú pẹpẹ. "Ẹ ṣàánú mi!" ó ké. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà! Ọjọ́ ìkórè ni mo ṣèèṣì kó o mọ́ ẹrù mi. Nígbà tí mo rí i, ìjà ti bẹ́, ojú sì ń tì mí. Òun ni mo fi ń bo àmù omi mi!"

Wòlíì kò tilẹ̀ lajú. "Ẹ̀mí, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ!" ó ní. Bàbá ti sáré jáde láti gbé ìpè náà. Ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá epo pupa ṣì kù.

A délé, Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ tún fojú kan fóònù yẹn títí ayé. Kò pẹ́ tó fi padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń wo òkè àjà. "Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ohùn yẹn kúrò?" ó béèrè.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àkọ́rin ti dá ọmọrí náà padà, Iye sì ti gbé e mọ́yà lórí ọ̀kadà, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ó di Àyèká. Débórà jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Iye sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó kúnlẹ̀.

Débórà fò dìde, ẹ̀gúsí dà nù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Iye na ọmọrí sí i. "Gbà á. Fi ṣe gbà-máà-bínú."

Débórà yí i wò síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ìkòkò rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ yín. Kí ni mo fẹ́ fi ọmọrí nìkan ṣe?" Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì débi pé wọ́n jókòó sínú ẹ̀gúsí.

Débórà wá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn tó ṣubú lu ìjọ. N kò tíì yọ ọ́ tán. Mo tẹ̀ ẹ́, Débórà ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èébú náà. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ, Bàbá ti gbé ìpè kí ohùn náà tó dé ìparí. Lẹ́yìn èébú, Iye wá sọ fún iná pé, "Gbogbo àwọn tí a jọ ń pọn omi ti kú tán. Ìwọ nìkan ló kù, Débórà. Ta ni mo tún fẹ́ bá rẹ́rìn-ín?"

Débórà nu ojú rẹ̀. "Tún un tẹ̀," ó ní. Mo ń tẹ̀ ẹ́ títí bátìrì fi kú.

Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa báyìí, Òkìtìpupa ni mo sì ti ń kọ́ ọmọ níwèé. Fóònù tí mò ń lò ní kámẹ́rà mẹ́ta, ojú mi ni mo fi ń ṣí i, bí n kò bá sì tíì bójú láàárọ̀, kì í dá mi mọ̀. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun sọ ara òun di tuntun. Ojoojúmọ́ ni mo ń dá a lóhùn pé ó di ọ̀la. Ẹ̀rù ń bà mí kí nǹkan kan má lọ bàjẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ì bá ti tẹ̀ ẹ́ kó tó kà á tán, lẹ́yìn náà ni ì bá wá máa wá ibi tí yóò sá sí.