Òkúta Orí Ikàn

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá àgbà wa, Wadia, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí wọn lẹ́nu: "Rárá." Bí a bá gbé oúnjẹ wá, rárá. Bí a bá fẹ́ wẹ̀ fún wọn, rárá. Bí àbúrò mi Yamen bá fi ẹnu kò wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́, rárá, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, etí wa ò gbọ́ ọ mọ́.

Kí àìsàn tó dé, àwọn ló ń ṣe makdús, ikàn inú òróró, fún ilé wa ní ìlú Masyaf, lóṣù kẹsàn-án ọdọọdún. A ó bọ ikàn dúdú kéékèèké, a ó là á níkùn, a ó fi iyọ̀ sí i, a ó sì gbé òkúta lé e lórí kí omi ara rẹ̀ lè ro jáde. Lẹ́yìn náà la ó ki àsálà àti ata gbígbẹ sí i, a ó rì í sínú òróró ólífì. Ìyá tó bá ti ṣe é ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà oúnjẹ àárọ̀ títí òtútù yóò fi lọ. Ọmọ á mú búrẹ́dì, á yọ ikàn kan nínú ìgò, ó di ilé-ìwé.

Àwa ọmọdé là ń ki àsálà, torí ìka wa kéré. Ìyá àgbà ló ń ṣọ́ òkúta. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ikàn tí omi bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á bàjẹ́ nínú ìgò.

Lọ́dún tí àìsàn náà dé, màmá mi, Rabab, ló dá a ṣe. Bàbá mi, Nidal, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà bí, ń bá wọn kọ́lé ní Beirut, ní òdìkejì ẹnubodè. Tíì àti búrẹ́dì gbígbẹ ló ń jẹ láàárọ̀. Ó ti bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù pé ká fi makdús ránṣẹ́, kódà kó jẹ́ ìgò kan.

Òkúta ò tíì lo ju òru kan lọ nígbà tí Abu Ghiyath, awakọ̀ tó ń gbé ẹrù lọ sí Beirut, kanlẹ̀kùn.

"Ìyá Yamen, òní ni mò ń lọ o, kì í ṣe Sátidé mọ́. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ti ẹnubodè."

"Òní kẹ̀? Ikàn mi ṣì wà lábẹ́ òkúta!"

"Ṣé èmi ni mò ń tì í ni? Bí mi ò bá bá ìgò nílẹ̀ lọ́sàn-án, àlùbọ́sà ni màá gbé síbẹ̀."

Màmá mi wo agbọ̀n ikàn náà. "Ó ti tó," ó wí, kì í ṣe fún ẹnì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé òkúta.

Ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n. Ọwọ́ wọn kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bọ́ lé òkúta.

"Rárá."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo mọ̀ pé ó wù yín láti bá wa ṣe é."

"Rárá."

Màmá mi ṣí ìka wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí a ti ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Lujayn, fún ìyá àgbà ní àsálà kan, kí wọ́n máa rí nǹkan mú dání."

Mo fi í sí wọn látẹ́lẹwọ́, mo pa ọwọ́ náà dé.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ki àsálà sínú ikàn.

"Màmá, mo fi àsálà méjì sínú ti bàbá."

"Àbí inú tìrẹ lo fi ìkejì sí, Yamen? Lanu kí n wò."

A rẹ́rìn-ín.

"Rárá," ni ìyá àgbà wí. "Rárá. Rárá."

"Ẹ̀yin náà! Gbogbo nǹkan ni rárá," Yamen dáhùn. "Ṣé búrẹ́dì gbígbẹ lẹ fẹ́ kí bàbá máa jẹ lọ ni?"

Wọ́n wò ó pẹ́. "Rárá."

Omi ń jáde lójú wọn. Màmá mi fi etí ìborí rẹ̀ nù ún. "Ojú yìí ń ṣomi láti ìgbà àìsàn," ó wí.

Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ ikàn tó wà lọ́wọ́ mi, omi ṣàn wá sí ọrùn ọwọ́ mi. Mo rí i. Mo fi aṣọ nù ún. Mo ki àsálà sí i, mo mú òmíràn.

Ọkọ̀ gbé ìgò bàbá lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ìgò mẹ́sàn-án tó kù sílé hó. Màmá mi ṣí ọ̀kan, òórùn rẹ̀ mú un yíjú sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà ni bàbá pè.

"Makdús ńkọ́?" màmá mi bi í.

Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó dùn. Ó ti tán. Gbé fóònù fún Màmá kí n dúpẹ́."

Màmá mi gbé e sí wọn létí. A gbọ́ ohùn bàbá tó ń dúpẹ́.

"Rárá," ni ìyá àgbà wí.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Rárá yín yẹn náà nìyẹn!"

A da ìgò mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́. Màmá mi wá kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú. "Ẹ mọ̀, Màmá. Ẹ ti mọ̀, àbí?"

Wọ́n ń wo òkúta tó wà lẹ́bàá ògiri. Wọn ò sọ pé rárá.