Ọjọ́ Tí Ewéko Dí Wa Lọ́nà Òkè Àdó-Àwáyé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi lónìí. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń gbé e kiri nínú mi. Àwọn tí mo sọ ọ́ fún ní n kò jẹ̀bi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Tísà ni mí. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, ṣùgbọ́n Zion Pẹpẹ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ìjọba gbé mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí omi là ń gbé níbẹ̀. Orí òpó ni ilé wà, afárá pákó là ń rìn láti ilé kan dé èkejì, bí èèyàn bá sì fẹ́ jáde nílùú, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo sunkún. Lọ́dún kejì, mo ti mọ ẹja rà.

Ilé Ìyè Àánú ni mo gba yàrá sí. Ìyè ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹja yíyan sì ni iṣẹ́ wọn. Ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, apẹja ni wọ́n kí ojú wọn tó di bàìbàì. Àánú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Warri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó ti Ìyè nídìí ààrò ẹja, mo ń fi àwòrán ìlú wa hàn wọ́n lórí fóònù. A dé orí àwòrán òkè Àdó-Àwáyé, òkè tí adágún omi wà lórí rẹ̀ gan-an. Ìyè gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ta ló gbé omi gun orí òkúta?"

Mo ní kò sẹ́ni tó gbé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a níbẹ̀.

"Kì í gbẹ?"

Mo ní a ò gbọ́ ọ rí pé ó gbẹ.

Wọ́n wò ó títí ẹja fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Wọ́n wá sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àwọn, òkúta tó tóbi jù tí àwọn fọwọ́ kàn ni ọlọ ata, èyí náà, láti ilẹ̀ òkè ni wọ́n ti rà á wá. Òótọ́ ni. Ẹrẹ̀ àti yanrìn nìkan ni ilẹ̀ ibẹ̀ mọ̀.

"Tísà," ni wọ́n wí, "mú mi lọ wò ó."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àgbàlagbà méje ló ti ní àwọn ń bá wa lọ. Bàbá wà nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a fẹ́ fi omi sílẹ̀ lọ wo omi.

Ṣé ẹ mọ àwa tísà? Bí nǹkan kan bá ti dé ọwọ́ wa, ìwé àti bírò ló kù. Mo mú ìwé ńlá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wa dé Igbókọ̀dá. Bọ́ọ̀sì tí mo ti bá awakọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò gbé wa láti ibẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìsẹ́yìn, a ó sinmi lọ́jọ́ kan gbáko, ọjọ́ kejì la ó lọ sídìí òkè. Ẹni tó bá lè gùn ún dé òkè, kó gùn ún. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ní ó tó, kó jókòó lábẹ́ igi, kó fọwọ́ kan òkúta.

Mo ra bàtà kánfáàsì fún wọn nítorí sílípáàsì ni wọ́n ń wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń kó wọn rin afárá pákó lọ, bọ̀, kí ẹsẹ̀ wọn lè le. Gbogbo ìlú ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ní ọmọ ogun wo ni mo fẹ́ kó wọn lọ bá jà.

Mo wá ṣe ìpàdé, mo fi òfin lélẹ̀. Ẹ fi òfin méjì yìí sọ́kàn, torí òun ni ẹjọ́ tí mo ń rò.

Òfin àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ní àìsàn tó lágbára, kó jọ̀wọ́ kó dúró sílé. Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mi.

Òfin kejì: láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má jẹun, kí ẹnikẹ́ni má mu omi, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé oúnjẹ wọnú ọkọ̀, kí a má baà máa wá ibi tí a ó ti tọ̀ lórí omi. Búrẹ́dì, mọ́ínmọ́ín àti omi ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń dúró dè wá ní Igbókọ̀dá.

Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Gbogbo wọn dá mi lóhùn pé àwọn ti gbọ́. Ìyè ló kọ́kọ́ dáhùn.

Ọjọ́ pé. Òwúrọ̀ Sátidé ni, àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní họ́lidé. Ìyè wọ kánfáàsì funfun, wọ́n wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ọláyẹmí ló wa ọkọ̀ náà, ọkùnrin tó ti ń ná ọ̀nà yẹn kí n tó dé ìlú. Gbogbo wa wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, a gbéra.

A ò tíì rìn jìnnà púpọ̀ tí Ọláyẹmí dẹ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Mo gbójú sókè. Ibi tí a máa ń rí gẹ́gẹ́ bí omi ti di pápá tútù yọ̀yọ̀. Ewéko orí omi yẹn ni, èyí tó máa ń léfòó tí gbòǹgbò rẹ̀ ń so kọ́ra wọn. Ìgbì ti kó o jọ láàárín òru, ó dí ọ̀nà láti etí kan dé etí kejì.

Ọláyẹmí ní àyè kékeré kan wà lápá ọ̀tún. Ó gba ibẹ̀ wọlé. A wọ inú rẹ̀ tán ni ewéko yí padà dí ẹ̀yìn wa. Ẹ́ńjìnnì hàn gooro lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Gbòǹgbò ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi.

Ó mú àdá, ó ń gé e. Bó ṣe ń gé èyí ni òmíràn ń wọ́ bọ̀. Ó mú àjẹ̀, ó fẹ́ fi tu ọkọ̀, àjẹ̀ kò rí omi. Mo yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Èèyàn kò lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kò sì lè rìn lórí rẹ̀.

A jókòó. Kí la fẹ́ ṣe? Oòrùn yọ, ó gun wa lórí. Àwọn arúgbó yìí kò ráhùn. Wọ́n ní ìṣe omi nìyẹn, wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí, àwọn kan tó ní àdá yóò gba ibẹ̀ kọjá. Èmi ni mò ń wo aago, tí mò ń ro bọ́ọ̀sì.

Ó tó bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí mo kíyè sí Ìyè. Òógùn bò wọ́n, àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn wọn, ó tutù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo béèrè bóyá oòrùn ló pọ̀ jù. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Àánú," ni wọ́n pè mí, "ìgbà wo lo dé?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ìyè, èmi ni, Tísà." Wọ́n tún pè mí ní Àánú, wọ́n ní kí n lọ yí ẹja tó wà lórí iná. Màmá Olú, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, tó jókòó lẹ́yìn wa, bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo mú ìwé ètò mi, mo fi ń fẹ́ Ìyè. Ìwé ètò mi kò tún wúlò fún nǹkan mìíràn.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Tísà, má bínú. Ìyè ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà."

Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi.

"O ní ẹni tó bá ní àìsàn kò ní lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Ó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, o sì ní ká má jẹun, kò jẹun." Bàbá tún ní, "Dókítà ti sọ fún mi rí. Bó bá ti ń làágùn báyìí, ohun dídùn ni ká tètè fún un. Kí ló wà nínú ọkọ̀ yìí?"

Kò sí nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ wọnú ọkọ̀. A tú àpò gbogbo wa. Aṣọ, oògùn ìpara, Bíbélì, kánfáàsì. Tọ́ọ̀fì kan ṣoṣo, a ò rí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti jókòó nídìí ìdánwò rí, mo ti jókòó nílé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá mi rí, n kò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sófo tó bẹ́ẹ̀.

Ọláyẹmí dìde dúró lórí ọkọ̀, ó ń pariwo. Ó pe, ó pe. Nígbà tó yá, ohùn obìnrin kan dáhùn lódìkejì. Ọkọ̀ tirẹ̀ náà ti há láti àárọ̀. Láti Igbókọ̀dá ló ti ń bọ̀, ó ń kó ọjà lọ sí Molutẹ́hìn. Ọláyẹmí béèrè ọjà wo.

"Mínírà ni," ni obìnrin náà dáhùn.

Ohun tí a ń wá wà níwájú wa, àárín wa kò sì ju ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé lọ. Ọkùnrin tó wa ọkọ̀ rẹ̀ ju ìgò kan sí wa. Ó balẹ̀ sórí ewéko, ó kù díẹ̀ kó kàn wá. Ọláyẹmí fi ọ̀pá fà á. Ewéko yẹn yí, ìgò wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ju èkejì, òun náà lọ. Mo gbé orí Ìyè lé itan mi, wọn ò tún pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàbá ní kí wọ́n dẹ́kun jíjù ú. Wọ́n ní kí Ọláyẹmí gbé okùn ìdákọ̀ró wá. Wọ́n so igi fúyẹ́ kan mọ́ orí rẹ̀, wọ́n ká a sọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ká àwọ̀n. Ojú wọn kò ríran dáadáa, wọ́n ní kí obìnrin yẹn máa pariwo kí àwọn lè mọ ibi tó wà. Obìnrin náà ń ké, "Èmi rèé, Bàbá, èmi rèé."

Bàbá ju okùn. Kò dé. Wọ́n fà á padà, wọ́n tún ká a. Kò dé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, Ọláyẹmí gbá wọn mú. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n sinmi, mo rántí pé n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, mo di orí Ìyè mú. Lẹ́ẹ̀kẹrin, obìnrin náà kígbe pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́.

Àwọn ará ọkọ̀ kejì di ìgò mẹ́ta sínú ọ̀rá, wọ́n so ó mọ́ okùn. Bàbá ń fà á díẹ̀díẹ̀ gba orí ewéko, bí ẹni ń fa ẹja tí kò fẹ́ kó já. Nígbà tó dé, mo fi eyín fa ìdérí, kò ṣí. Màmá Olú ló ṣí i. Bàbá ní kí n má dà á sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà há wọn lọ́fun. Bàbá fi ìka kan omi dídùn náà, wọ́n ń fi pa Ìyè ní èrìgì, títí Ìyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í lá a, títí wọ́n fi lè gbé e mì.

N kò mọ iye ìṣẹ́jú tó gbà. Ìyè lajú, wọ́n wo ewéko tútù tó yí wa ká.

"Tísà, a ti dé ibẹ̀?"

Mo bú sẹ́kún. Ẹkún tí mo sun lójú àwọn tó tó bí mi lọ́mọ, ojú tì mí títí dòní.

Ó ti kọjá aago méjì ọ̀sán kí àwọn ọkùnrin kan tó fi àdá la ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa. A gbé Ìyè lọ sílé ìwòsàn kan ní Igbókọ̀dá. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá béèrè ẹni tó ní kí ìyá onítọ̀ ṣúgà má jẹun lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn. Mo ní èmi ni. Kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó yí ojú padà. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣì ń dúró. Mo sọ fún àwọn mẹ́fà yòókù pé wọ́n ṣì lè lọ. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó dìde.

Àánú dé láti Warri ní ọjọ́ kejì. Ó gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní ìyá òun kò ní gbé orí omi mọ́. Ìyè ní àwọn kò lọ Warri, kí lẹ́ni tó ń yan ẹja fẹ́ lọ ṣe ní Warri? Wọ́n bojú wò mí bí ẹni pé kí n bá àwọn sọ̀rọ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Wọ́n bá Àánú lọ. Bàbá tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n sì ti ilé náà pa yàtọ̀ sí yàrá mi.

Ẹ ò rí i, àwọn èèyàn ní n kò jẹ̀bi, pé ẹni tó fi àìsàn pamọ́ ló fa tirẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni pé bí o bá sọ fún àgbàlagbà pé aláìsàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ọ, o kò fi àìsàn sílẹ̀ nílé, o kàn kọ́ ọ bí yóò ṣe pa irọ́ ni. Èmi ìbá jókòó ti Ìyè nídìí ààrò, kí n béèrè oògùn tí wọ́n ń lò àti ohun tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó lò ó. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo fi oṣù méjì kọ ìwé, n kò bi wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mú bàbá tàbí ìyá yín rìnrìn àjò rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ lọ, tí ara wọn kò gbà á mọ́, ta ló yẹ kó sọ pé rárá? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Kì í ṣe ìbéèrè ẹnu lásán, torí Màmá Olú wá bá mi lánàá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn, wọ́n kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá wá fi hàn mí, wọ́n ní ìgbà wo ni a ó lọ. Èsì yín ni mo ń dúró dè kí n tó dá wọn lóhùn.