Àga Bàbá Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Bí odò Ògùn bá ti kún, ilé wa ní Ìkòsì ló kọ́kọ́ máa ń wá kí. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, nígbà tí ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ṣèpàdé nítorí ìyá wọn, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ láìfọwọ́ ti ògiri.

Ètò náà dùn-ún gbọ́. Wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n gba yàrá lọ́dọ̀ ẹbí ní Kétu, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Wọ́n tilẹ̀ jà lórí ẹni tí yóò gbé ìyá lápá àti ẹni tí yóò gbé wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí, orí ìyá wọn ni wọ́n ń fá yẹn.

Oúnjẹ àárọ̀ ni omi bá wa lórí ẹ̀. Kí a tó palẹ̀ mọ́, abọ́ ẹ̀kọ ti léfòó jáde. A sáré wọ yàrá. Ìyá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ń retí àlejò.

“Ta ni ẹ fẹ́ fi bàbá yín sílẹ̀ fún?”

Inú yàrá yẹn la sin bàbá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí a ti ń sin àgbà sínú ilé rẹ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó rántí wọn nínú ètò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, “Ìyá, bàbá ti kú o.”

“Ṣé mo ní wọn ò kú ni? Mo ní ta ló máa dúró tì wọ́n!”

Omi ti dé orúnkún. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí bẹ́ẹ̀dì yẹn kò ga, mo sì fẹ́ràn ìyá náà, bí wọ́n tilẹ̀ ní ọbẹ̀ mi kì í dùn. Mo kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé, omi mù mí dé ìbàdí.

“Ìyá, báwo ni kí á ṣe é?”

“Ìwọ nìkan ló béèrè. Àga wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Láyé wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí ẹ̀. Tó bá ti kúrò nílé, wọ́n á tẹ̀ lé e.”

A gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú bàbá síwájú ọkọ̀. Ìyá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní obìnrin kì í ṣíwájú ọkọ. Bí ọkọ̀ ṣe kún nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹsẹ̀ wọ́ omi tẹ̀ lé wa, ìyá sì ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n má ta omi sí bàbá wọn lára. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Láti ọdún yẹn, bí òjò bá ti ṣú, àga la kọ́kọ́ ń wá.

Ìyá ti kú tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ bàbá la sin wọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló jogún yàrá náà, pẹ̀lú orúnkún ìyá. Nígbà tí omi tún dé, wọ́n ti darúgbó. A bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè.

“Ta ni ẹ fẹ́ fi ìyá mi sílẹ̀ fún?”

Mi ò bá wọn jiyàn. Àpótí tí ìyá fi ń jókòó nídìí ààrò ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀, lẹ́yìn àga bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà.