Aiki àti Àìkí

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, ọ̀gá mi tó ni ilé búrẹ́dì, àti ewúrẹ́ aládùúgbò kan tó máa ń wá jẹ èérún lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá mi kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ló bá ń bá ewúrẹ́ wí. Ó lé e lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá. Ó tún lé e, ewúrẹ́ sì lọ tán pátápátá. Nígbà tí kò sí ohun tí yóò lé mọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Mo ní kò burú. Bí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ṣe parí nìyẹn.

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Òru la máa ń yan búrẹ́dì. A óò po ìyẹ̀fun ní ìrọ̀lẹ́, a óò fi igi dáná sí ààrò, kí àwọn tó ń tà á lè rí èyí tó gbóná gbé ní ìdájí. Nígbà tí wàhálà bọ́ǹbù àti ìbọn wọ Maiduguri, ìjọba ṣe òfin kónílé-ó-gbélé, òru sì bọ́ kúrò lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá mi gbìyànjú títí. Níkẹyìn ó ra ààrò kékeré onígáàsì tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lè máa lò ní ọ̀sán. Èmi àti ààrò onígi la jọ fẹ̀yìn tì. Wọ́n wó ààrò. Èmi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ilé mi wà ní àdúgbò Gwange, yàrá méjì pẹ̀lú àgbàlá kékeré. Ìyàwó mi ti kú kí wàhálà tó dé, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí sì wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Mo ti ń hu irùngbọ̀n nígbà tí àwọn yòókù ní kíláàsì mi ṣì ń pa eyín dà, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí kí n má baà dí wọn lójú. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Iṣẹ́ ààrò náà kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Búrẹ́dì kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi wà nílé, mo tún òrùlé ilé ìdáná mi ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún ti àwọn aládùúgbò ṣe. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí òrùlé tó ń jò mọ́ ní àyíká wa, ojú sì ń tì mí láti máa wo òkè.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé mi. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí. Bó bá ń sọ Yorùbá, ṣe ló dà bí ẹni tó ń gba inú ọjà Hausa kọjá lọ sílé. Òun ni mo sọ fún pé mi ò rí iṣẹ́. Aiki ni àwọn Hausa ń pe iṣẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó wò mí dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "aiki lẹ ń wá, àmọ́ àìkí ló kún ọwọ́ yín. Ta lẹ kí láti àárọ̀?"

Mo ronú. Mi ò tíì kí ẹnì kankan. Òun alára tó ń bi mí, mi ò tíì kí i.

Ó ní ní ìlú yìí, èèyàn kì í já wọlé tọ èèyàn kó ní òun ń wá iṣẹ́, bí ọlọ́pàá tó wá mú èèyàn. Ó ní kí n jókòó. Kí n béèrè bí wọ́n ṣe jí, kí n béèrè ilé, kí n béèrè àárẹ̀, kí n béèrè ooru. Wọn yóò bi èmi náà. Bí ìbéèrè bá ti tán pátá ni kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Ó fi mí dánra wò lójú ẹsẹ̀, tòun ti téèpù lọ́rùn. Ó ní, "Ina kwana?" Ṣé ẹ jí dáadáa? Mo ní, "Lafiya." Àlàáfíà ni. Ó ní, "Ẹ fi lau sí i. Lafiya lau. Ẹ má ṣahun."

Mo gbọ́ Hausa dáadáa. Sísọ ọ́ lọ títí ni kò bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ lọ sí àdúgbò Galtimari, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Mo jókòó. Mo béèrè bó ṣe jí, ó jí dáadáa. Mo béèrè ilé, ilé wà. Òun náà béèrè ilé mi, ó béèrè àárẹ̀, ó béèrè eruku. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ó wá ní, "Yaya aiki?" Iṣẹ́ ńkọ́? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìlú yìí ní fún ìyẹn, aránṣọ sì ti kọ́ mi: "Mun gode Allah." A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an pé iṣẹ́ mi ń lọ dáadáa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá yí i padà pé kò síṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Mo dúpẹ́, mo dìde, mo padà sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí wọ́n ti ń ta pákó. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilé ìwé kan tó ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ti ilé ìwé yẹn, ọ̀gá wọn tilẹ̀ bi mí bóyá ibi iṣẹ́ mi lè gba àbúrò rẹ̀. Mo ní n ó bá wọn sọ ọ́. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún aránṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníṣòkòtò pa.

Lákòókò yẹn, wọ́n ti pa fóònù gbogbo ìlú, ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ mi wọkọ̀ dé Ìlọrin, ó sì bá ọmọ mi nílé. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú báàgì ńlá onílà méjì, méjèèjì ló ṣófo. Mo mọ ohun tí báàgì tó ṣófo ń sọ.

Ó kúnlẹ̀ kí mi ní Yorùbá, ó dìde, ó sì bá mi jà ní Hausa. Èdè tó fi ṣeré ní kékeré ló máa ń fi bínú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kun yàrá kan fún mi. Ọkọ̀ yóò gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá rí iṣẹ́ gidi títí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ó ní ó ti sú òun láti máa fetí sí rédíò bóyá àdúgbò bàbá òun ni wọ́n fẹ́ dárúkọ.

Mi ò lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti lọ kí wọn ní Ìlọrin rí. Mo mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ pọn omi, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Mo jókòó títí, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi lórí àga bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Èèyàn tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ìyá ọmọ mi sì wà ní Maiduguri. Èmi ni mo máa ń lọ ro koríko orí sàréè rẹ̀. Mi ò sọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mun gode Allah. Ọjọ́rú, mun gode Allah. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọmọ mi ti ká aṣọ mi kún báàgì kan.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aránṣọ ké sí mi láti òdìkejì pé bàbá onímàlúù kan tí òun ń rán kafutáànì fún ní Kasuwan Shanu, ọjà màlúù, ń wá èèyàn. Irú iṣẹ́ wo? Kò mọ̀. Ó ní bàbá náà kàn sọ pé àwọn tí òun ní ti sú òun ni. Ọmọ mi ní òun ń bá mi lọ, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la gùn. Níbi tí àwọn sójà dínà sí, a sọ̀ kalẹ̀, a gbé ọwọ́ sókè, a rìn kọjá, a tún gun kẹ̀kẹ́ ní òdìkejì. Bí ọwọ́ ọmọ mi ṣe wà lókè náà, ó ṣì ń ṣàlàyé fún mi bí yàrá náà ṣe tutù tó.

Eruku ọjà màlúù máa ń pàdé èèyàn lọ́nà kí ọjà fúnra rẹ̀ tó dé. A bá bàbá náà lórí ẹní lábẹ́ igi dongoyárò, tèsùbáà lọ́wọ́, ó ń wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kó màlúù sí tírélà tó ń lọ sílẹ̀ Yorùbá. A jókòó. A béèrè ilé, a béèrè àárẹ̀, a béèrè ooru. Ó béèrè tiwa.

Ó ní, "Yaya aiki?"

Mo rántí yàrá tí wọ́n kùn. Mo ní, "Babu."

Kò sí. Ọmọ mi fa aṣọ mi látẹ̀yìn. Tèsùbáà dúró lọ́wọ́ bàbá náà. Ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa, ó tún bi mí.

"Babu aiki, Àlàájì," mo ní. "Wọ́n dá mi dúró."

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé Yorùbá ni bàbá òun, pé kì í ṣe àfojúdi, kò mọ ìkíni ni. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi tú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jókòó sábẹ́ igi yẹn, ojoojúmọ́ lòun ń bi èèyàn ní ìbéèrè yẹn, ẹnì kan kò dá òun lóhùn rí.

Ó pe olórí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Yaya shanu?" Màlúù ńkọ́?

"Lafiya lau, Àlàájì."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?"

Mo sọ fún un pé mi ò mọ nǹkan kan nípa màlúù. Ó ní ojú lòun ní kí n fi wò ó. Mo dìde, mo lọ wò wọ́n, mo padà. Mo ní funfun kan létí ògiri gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, kò fẹ́ fi tẹlẹ̀. Mo ní pupa kan dùbúlẹ̀, wọ́n fi igi gún un, kò dìde. Àwọn yòókù wà lóòró. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Bàbá náà ní ṣé mo rí i báyìí. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń dínà káàkiri, ìrìn àjò ti gùn, màlúù tí ara rẹ̀ kò le kì í dé. Ó ń kú sọ́nà. Bẹ́ẹ̀, bí òun bá béèrè kí ọkọ̀ tó gbéra, lafiya lau ni.

"Wọn kì í purọ́ fún mi," ó ní. "Kíkí ni wọ́n ń kí mi."

Iṣẹ́ tó fún mi ni kí n máa dúró sẹ́nu tírélà, kí n máa wo màlúù kọ̀ọ̀kan kó tó gun ọkọ̀, kí n sì sọ bó ṣe rí fún un. Olórí àwọn ọmọ iṣẹ́ kò fẹ́ kó tán bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Àlàájì ṣọ́ra, pé lọ́jọ́ kan ni wọn yóò bi mí pé báwo ni Àlàájì fúnra wọn ṣe rí, n ó sì sọ ọ́. Bàbá náà ní àwọn ìyàwó òun ti ń bá òun ṣe ìyẹn. Ó ní kí n máa bọ̀ ní gobe, lọ́la.

Nínú kẹ̀kẹ́, ọmọ mi kọ́kọ́ gbọn eruku ọjà kúrò lára aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá gobe ti òótọ́ ni, àbí gobe tí wọ́n fi ń lé èèyàn. Mo ní bàbá náà ti fi ìṣó tí n ó máa fi ẹ̀wù kọ́ hàn mí lára igi.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí nítorí yín, Bàbá," ó ní. Yorùbá ló fi sọ ọ́.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀rù ò wá ba ẹ̀yin náà?"

"Ó ń bà mí."

Ó wò mí. A sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n dínà sí, a gbé ọwọ́ sókè, a sì rìn kọjá. Nígbà tí a délé, ó kó aṣọ mi jáde, ó tún wọn ká sínú àpótí. Ó ní àwọn kan ti gbó jù, ó kó ìyẹn lọ́tọ̀, ó ní òun ń kó wọn lọ kí ó má baà jẹ́ báàgì òfìfo lòun gbé padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sin ín dé ibùdókọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó wọlé, ọkọ̀ gbéra. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibẹ̀, mo béèrè bàtà rọ́bà. Kò sí èyí tó ṣe rẹ́gí ẹsẹ̀ mi. Mo ra èyí tó tóbi, mo ki àkísà sí i níwájú, mo wọ̀ ọ́, mo sì forí lé ọjà màlúù.