Òwìwí Orí Àjà Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kọ́bapẹ́ yìí, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, èmi nìkan ni mo ń gbé ilé oníyàrá mẹ́rin. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn se ọbẹ̀, kó máa dá a jẹ fún ọjọ́ márùn-ún? Èmi mọ̀ ọ́n!

Lọ́jọ́ kan mo rí àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń sọ òkò lu àwọn ẹ̀ga orí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé mi, mo bá pè wọ́n jókòó. Bí kíláàsì ẹyẹ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Òfin mi kan ṣoṣo ni pé ká kọ́kọ́ wo ẹyẹ náà dáadáa kí ìtàn tó tẹ̀ lé e. A wo bí ẹ̀ga ṣe ń fi ẹnu hun imọ̀ ọ̀pẹ, lẹ́yìn náà ni mo sọ ìtàn akọ ẹ̀ga tó kọ́lé tán, tí ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lè gbébẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rín! Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n. Ràfíátù, ọmọ ọdún márùn-ún, ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù.

Òwìwí kan wà lókè àjà mi. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó nírọ̀lẹ́, mo máa ń mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló wà nínú ilé.

Sátidé kan, mo rí ìṣù kan tí òwìwí náà bì sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Inú mi dùn! A fi igi tú u, a bá irun eku àti egungun wẹẹrẹ nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òwìwí kì í ṣe ẹyẹ burúkú, pé eku tó ń jẹ àgbàdo wa ló ń pa. Mo wá di egungun díẹ̀ sínú pépà fún oníkálukú, kó lọ fi han màmá rẹ̀.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi arúgbó, opó tó ń dá gbé, mo di egungun sínú pépà fún ọmọ ọlọ́mọ! Níbo ni mo gbé ọgbọ́n mi sí ná?

Lọ́jọ́ kejì, ibà mú Ràfíátù. Màmá rẹ̀, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì, wá sílé mi. Kò pariwo o. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni mí, àmọ́ àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Tèmi ò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ ẹ bá mi lé ẹyẹ yẹn lọ.”

Ọmọ náà lo oògùn, ara rẹ̀ yá. Síbẹ̀, ní Sátidé, mo tẹ́ ẹní, kò sẹ́ni tó wá. Sátidé kejì, bákan náà. Mo jókòó sórí ẹní yẹn, mo sunkún.

Mo bá pe káfíńtà. Ó lé òwìwí jáde, ó fi pákó tuntun kan ihò tó ń gbà wọlé pa. Ó wá gbé ẹyin funfun mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ nínú fìlà rẹ̀, ó bi mí pé kí lòun máa ṣe sí i. Mo ní kó dà á nù.

Nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé òwìwí ti lọ, àwọn ọmọ padà wá ní Sátidé, gbogbo wọn! Mo ti din pọ́fù-pọ́fù sílẹ̀ dè wọ́n. Ràfíátù gbójú sókè, ó wo pákó tuntun náà. Ó ní ìyá òun sọ pé torí òwìwí burú ni mo ṣe lé e.

“Màmá Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò burú. Èwo ni òótọ́?”

Mo fún un ní pọ́fù-pọ́fù.

Mi ò dá ìyá Ràfíátù lẹ́bi, ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ǹ bá ti pè é kó wá wo egungun yẹn pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ ni pé ìdáwà lè mú kéèyàn ta òótọ́ tó mọ̀, torí kí ilé rẹ̀ lè kún. Ilé mi kún ní Sátidé, àmọ́ ọjọ́ mẹ́fà tó kù wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣe ohun tí ọkàn yín kọ̀ rí, torí káwọn èèyàn má bàa sá fún yín? Kí lẹ sọ fún ọmọ tó bi yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má rò pé ó gùn jù, mo ráyè kà á.