Opó tí Bhabatosh Samaddar Rì Sómi

Ẹ wo Bhabatosh Samaddar lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Krishnanagar, nílẹ̀ Íńdíà, bó ṣe gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, tí ogójì ọmọ kóra jọ sórí ẹní níwájú rẹ̀. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń fi ìwé ìtàn kan ṣoṣo jẹun, Ilé Nayanpur, èyí tí gbogbo ọmọ kíláàsì àṣekágbá gbọ́dọ̀ kà fún ìdánwò. Ẹ bi í bóyá òun náà ti kà á rí. Ká má purọ́, ojú ìwé ogún ló kà tí oorun fi gbé e lọ.

Kí ló wá fi ń kọ́ni? Nóòtì ni! Ọ̀gá tó kọ́ òun náà ló pè é fún un, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn: ìwà Khiroda opó, ọ̀nà mẹ́fà, kókó ọ̀rọ̀ inú ìwé, mẹ́rin, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá pe apá tó kẹ́yìn, pápá bọ́ọ̀lù ni Bhabatosh wà. Dípò kó lọ wo inú ìwé, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé nóòtì àná ti ní Khiroda jáde lọ sétí odò láàárọ̀ kùtù, kí ni opó tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ bí kò bá ṣe kó para rẹ̀? Ló bá kọ ọ́ sílẹ̀: “Khiroda rì sómi, ó fara rẹ̀ rúbọ nítorí iyì ìdílé ọkọ rẹ̀.” Ó fà á nídìí. Ó parí.

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin aláìṣẹ̀ yẹn ti ń kú lọ́dọọdún. Àìmọye ọmọ ló ti há ikú rẹ̀ sórí. Òmíràn nínú wọn ti di tíṣà, òun ló wá ń máàkì ìwé ìdánwò báyìí, ẹni tó bá sì kọ nóòtì Bhabatosh sílẹ̀ bó ṣe wà ló ń fún ní máàkì.

Àmọ́ ọkùnrin yìí bí ọmọ kan, Tuhina, tó ń kàwé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí ìdánwò kàn án, ó yá ìwé náà lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó kà á tán, ó sì lọ bá baba rẹ̀ níbi tó ti ń mu tíì.

“Bàbá, Khiroda ò kú o.”

“Ta ni ò kú?”

“Khiroda. Ọkọ̀ ló wọ̀ létí odò. Ó sọdá, ó ń ránṣọ nílùú kejì, ó tiẹ̀ tún rẹ́rìn-ín níparí ìwé. Ẹ wò ó, ojú ìwé igba lé mẹ́rìnlá.”

Kò wò ó. “Ọmọ àná! Nígbà tí mo ti ń kọ́ ìwé yìí, ṣé wọ́n ti bí ìyá ẹ?”

Ìyàwó rẹ̀, Malati, fọhùn láti ibi ìdáná: “Wọ́n ti bí mi o, Bàbá Tuhina. Ojú ìwé kan péré, ẹ ò kúkú ṣí i wò?”

“Ẹni tó bá fẹ́ máàkì, nóòtì ni kó kọ!”

Tuhina wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìbéèrè náà sì jáde: Báwo ni ìgbẹ̀yìn Khiroda ṣe rí, ẹ̀kọ́ wo ló sì kọ́ wa? Ọmọ náà kọ òótọ́, ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Ẹni tó máàkì í fún un ní òdo, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: “Kò ka ìwé.” Ẹ gbọ́ o! Ọmọ kan ṣoṣo tó kà á! Máàkì mẹ́ta péré ló kù kó pé ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ lọ ní Kolkata ń béèrè.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé Tuhina, Sucharita Bagchi, ránṣẹ́ pe Bhabatosh, ó na ìwé ìdánwò náà sí i.

“Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Nóòtì yín ni gbogbo àwọn tó ń máàkì ìdánwò yìí ń tẹ̀ lé. Ẹ kọ ìlà méjì péré sí àjọ ìdánwò, pé Khiroda ò kú, pé àṣìṣe nóòtì yín ni. Wọ́n á tún un máàkì. Àmọ́ tó bá ti kọjá aago mẹ́rin ọ̀la, wọn ò ní gbà á mọ́.”

“Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́?”

“Ṣé ọmọ yín kọ́ ni?”

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ “Èmi, Bhabatosh Samaddar,” ó dúró. Ó ṣí ojú ìwé náà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Tuhina dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bó ṣe ń kà á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá a lóòótọ́, nínú ilé rẹ̀, àmọ́ Bhabatosh tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ń rò ó pé Nikhilesh, tíṣà òpópónà kejì tí wọ́n jọ ń du ọmọ, á lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri. Irọ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò tì í lójú, ìlà méjì òótọ́ ló wá ń tì í lójú. Ojú burúkú! Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó ní báírò òun ò yọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ogójì ọmọ tuntun dé sórí ẹní. Kolkata ti bọ́ lọ́wọ́ Tuhina. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́.

“Khiroda rì sómi,” ni baba rẹ̀ pè. “Ẹ fà á nídìí.”

Ọmọbìnrin kan nawọ́. “Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ló kú?”

Bhabatosh bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀.

“Kọ ọ́ sílẹ̀, àbúrò mi,” ni Tuhina wí, kò gbójú sókè. “Ó kú. Bàbá mi ti ka ìwé náà báyìí, wọ́n mọ ẹni tó tì í sódò.”

Bhabatosh tẹjú mọ́lẹ̀. Ogójì báírò pupa sì fà á nídìí.