Ìsàlẹ̀ Ilé Tí Mo Kọ́ fún Ìyá Mi

Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀, tí erùpẹ̀ ń bò wá láti Jakande títí dé Ajah, mo parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi sí Ṣàngótẹ̀dó. Èmi àti ìyàwó mi ń gbé òkè. Ìyá mi ni mo kọ́ ìsàlẹ̀ fún, torí orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ò tíì ṣe tán láti fi ìlú sílẹ̀. Mo ní kò burú, kí ayálégbé máa gbé e ná.

Bí éjẹ́ǹtì ṣe dé nìyẹn. Ẹ ò rí ọmọ tó mọ̀wàá hù! Kò tíì wọ géètì tán tó ti dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. "Dádì, ẹ kú ilé tuntun o! Ilé á tura o." Orí mi wú. Èmi tí mo bá bíríkìlà jà lórí ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, nígbà tó fa àgírímẹ́ǹtì yọ, mo ní níbo ni kí n ti sáìnì? Ìyàwó mi ní kí n kà á ná. Mo wò ó bíi ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣé ojú ẹni tó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà nítorí mi ni kí n ti máa yẹ ìwé wò, bíi pé olè ni? Mo sáìnì. Mo tún ní, "Ilé ti di tìẹ nìyẹn o." Inú ẹ̀ dùn gan-an.

Ọdún ayálégbé tí éjẹ́ǹtì mú wá ku díẹ̀ kó pé nígbà tí ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n wá mú àwọn. Mo ní kí éjẹ́ǹtì sọ fún ayálégbé pé a fẹ́ lo ilé wa.

"Ha, Dádì! Mo ti fún wọn ní ọdún méjì sí i."

"Ta ló ní kó o fún wọn?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

Ó ṣí ìwé náà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òun nìkan ló láṣẹ láti mú ayálégbé wọlé àti láti fún un lọ́dún sí i, láìbi onílé léèrè. Lọ́yà mi kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun.

Ẹ̀yin onílé ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣáà máa sáìnì. Ẹ má bèèrè ìgbà tí àṣẹ éjẹ́ǹtì máa parí, ẹ má bèèrè bí ẹ ṣe lè gbà á padà. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ kanlẹ̀, ó parí.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi dé, éjẹ́ǹtì wá kí àwọn ayálégbé ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi gbalaja. Ó di apá wọn mú, wọ́n jọ ń gun àtẹ̀gùn. "Ẹ rọra, Màmá. Ẹ sinmi díẹ̀." Ìyá mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún un. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù wọn. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n dúró, wọ́n bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Ìwọ náà o. Irú ọmọ báyìí ló yẹ kó o máa fi ilé ẹ síkàáwọ́ ẹ̀."